Ọmọ tí Àìsàn Sé Mọ́lé: Ta Ni Yóò Kọ́ Ọ Ní Ìwé?

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ilé-ìwé ṣí ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lè san owó ilé-ìwé sì wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún tí ó ṣáájú, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tó 500,000. Ní ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n lé ní 800,000. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni olórí ìjọba nígbà náà. Ọmọ Awà-Ìjẹ̀bú, Olóyè Awókọ̀yà, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Mólúṣì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mínísítà tí ó gbé ìlànà ẹ̀kọ́ náà wá síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1952. Àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé èyí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìjọba kan náà ni ó pàṣẹ pé kí a máa tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Ìwé ní ọwọ́ ọ̀tún, oògùn ní ọwọ́ òsì: báyìí ni ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ṣe gbé e kalẹ̀ fún ọmọ tálákà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ tí orúkọ Awólọ́wọ̀ kò fi parẹ́ ní abúlé kankan láti Ìjẹ̀bú-Ìmúṣin dé Ògbèrè, kí ó má wulẹ̀ wádìí lọ jìnnà. Ọwọ́ méjèèjì yìí ni kí ó wò.

Ohun tí ó mú wa gbé gègé wa lónìí ni pé ibì kan wà tí ọwọ́ méjèèjì kò tíì pàdé láti ọdún náà wá. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ tí ń ṣàìsàn. Bí ọmọ bá dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, dọ́kítà a wá, nọ́ọ̀sì a wá, ìyá rẹ̀ a tẹ́ aṣọ sílẹ̀ sùn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ nìkan ni kì í wá. Nígbà tí wọ́n bá sì dá a padà sí ilé pé kí ó lọ sinmi fún oṣù mẹ́ta, oògùn a bá a délé, ìwé kì í bá a dé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ kan ní Ìjẹ̀bú-Ìmúṣin ṣe àpẹẹrẹ. A kò tọ́ka sí ọmọ ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí olùkọ́ kan tí ń ka ìwé ìròhìn yìí tí kò ní mọ irú rẹ̀ ní kíláàsì tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ó wà ní ìwé karùn-ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ SS. Baba rẹ̀ jẹ́ AS, ìyá rẹ̀ jẹ́ AS; nígbà tí wọ́n ń fẹ́ ara wọn sọ́nà, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ tí òjò bá pa ọmọ náà, tàbí tí ibà bá mú un, tàbí tí kò mu omi tó nínú oòrùn, eegun rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bí ìgbà tí a ń fi òòlù lù ú. Wọn a gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn a gbé e dé Ṣágámù, sí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì tí a fi orúkọ Olóyè Ọlábísí Ọnàbánjọ pè. Ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn, nígbà mìíràn méjì. Ó padà wálé, ó lọ sí ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún ṣubú lulẹ̀.

Àwọn baba wa mọ àìsàn yìí. Fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n ń pe ẹni tí ó ní in, ẹni tí ó kú lónìí tí ó sì tún dìde lọ́la. Púpọ̀ nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kà sí àbíkú, tí wọ́n sì ń sọ ní orúkọ ẹ̀bẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè kan ní ayé tí àìsàn náà pọ̀ sí tó Nàìjíríà. Bí a bá kó ènìyàn mẹ́rin jọ nínú wa, ó ṣe é ṣe kí ọ̀kan jẹ́ AS. Ní ìgbà àtijọ́, ọmọ tí ó bá ní SS kì í sábà pẹ́ láyé, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ń bèèrè irú ìwé tí yóò kà. Ìmọ̀ ìṣègùn ti yí ọ̀rọ̀ náà padà. Àwọn tí ó ní SS ń dàgbà, wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó, wọ́n ń bí ọmọ, wọ́n ń di agbẹjọ́rò àti olùkọ́. Ọmọ tí a ti jà gbà lọ́wọ́ ikú, ṣé òpè ni a wá fẹ́ fi í ṣe?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Sáà kan kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 13 lọ. Bí ọmọ bá pàdánù ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú rẹ̀, ohun tí ó sọnù ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, nítorí pé bí àkàbà ni ìṣirò rí. Ẹni tí kò sí ní kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tí a kọ́ wọn bí a ti ń pín odidi sí ìdajì àti ìdá mẹ́rin, kí ni yóò gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí a bá dé orí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún? Yóò jókòó ní ẹ̀yìn, yóò máa wo ẹnu olùkọ́. Bí a bá bi í ní ìbéèrè, yóò dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, a ó bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní olódo. Ní ìparí ọdún, wọn a ní kí ó tún kíláàsì kà pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Ọmọ tí ó bá tún kíláàsì kà lẹ́ẹ̀mejì kì í sábà dúró de ẹlẹ́ẹ̀kẹta. A ó rí i ní ìsọ̀ télọ̀ tàbí ní ìdí gààrí tí ìyá rẹ̀ ń yan, kì í sì í ṣe pé orí rẹ̀ kò gba ìwé.

Kì í ṣe àwọn tí ó ní SS nìkan. Ọ̀kadà gbá ọmọ ní etí títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ilé àwọn tí ń to eegun. Yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú pákó àti àdì ní ẹsẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ẹsẹ̀ ni ó ṣẹ́, ọpọlọ kò ṣẹ́. Ojú rẹ̀ ń ríran, etí rẹ̀ ń gbọ́ràn, ọwọ́ rẹ̀ lè di pẹ́ńsù mú. Síbẹ̀, igi àjà ni ó ń kà láti àárọ̀ di alẹ́.

Àrùn kan tún wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Buruli, ọgbẹ́ tí ń jẹ awọ àti ẹran ara, tí kì í sì í sábà dun ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí òbí kì í fi í bìkítà títí yóò fi fẹ̀. Ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní Áfíríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì àwọn tí ó ń mú ni kò tíì pé ọdún 15. Àwọn aláìsàn láti ìpínlẹ̀ wa ti rékọjá ààlà lọ sí Pobè ní ilẹ̀ Benin, èyí tí a ń pè ní Dàhómì títí di ọdún 1975, láàárín àwọn Yorùbá ẹgbẹ́ wa, nítorí pé ilé ìtọ́jú tí a kọ́ fún ọgbẹ́ náà wà níbẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ lè gba oṣù púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn kan wà níbẹ̀, tí olùkọ́ aláàánú kan sì fẹ́ kọ́ ọ ní ìwé. Wọn yóò gbọ́ Yorùbá ara wọn. Ṣùgbọ́n Faransé ni ìwé olùkọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìdánwò tí ń dúró de ọmọ náà ní ilé. Ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọwọ́ wa ni ó ṣì wà, ààlà kò gbà á lọ́wọ́ wa.

Ẹ wo ìwé tí olùkọ́ fi ń pe orúkọ ní òwúrọ̀. Ohun méjì péré ni ó lè kọ sí iwájú orúkọ ọmọ: ó wá, tàbí kò wá. Kò sí àyè nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó wà ní ilé ìwòsàn tí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ó sá ní ilé-ìwé lọ ta ẹyẹ ní oko, àti ọmọ tí wọ́n fa omi sí lára ní Ìjẹ̀bú-Òde, àmì kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà. Àjọ UNICEF ti sọ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò sí ní ilé-ìwé lé ní mílíọ̀nù 18. Ọmọ tiwa yìí kò sí nínú wọn, nítorí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọ̀gá. Kò sì sí nínú àwọn tí ń kàwé. Ó bọ́ sí àárín ìṣirò méjì, ẹnikẹ́ni kò sì rí i kà.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, ẹ jẹ́ kí ara ọmọ yá ná, ìlera ni oògùn ọrọ̀. Òótọ́ ni. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná bí iná, ẹ jẹ́ kí ó sùn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìrora ti rọlẹ̀, tí àkókò oògùn alẹ́ kò tíì tó, tí ọmọ kàn ń wo ògiri. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ nìkan ni ó ń ba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́rù ní wákàtí náà. Ó ń rò ó pé àwọn ẹgbẹ́ òun ti kọjá òun lọ. Bí olùkọ́ bá wọlé wá ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, tí ó ní kí ọmọ náà ṣí ìwé ìkàwé rẹ̀, ohun tí ọmọ náà gbọ́ ni pé àwọn kan ń retí òun padà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kì í fẹ́ sọ síta. Nígbà tí owó bá há, òbí mìíràn a wo àwọn ọmọ rẹ̀, a sì ra ìwé fún èyí tí ara rẹ̀ le, nítorí kò dá a lójú pé èkejì yóò dàgbà lo ìwé náà. A kò wá bú òbí bẹ́ẹ̀. Owó oògùn ti tán an lápò, ẹ̀rù sì wà ní ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbà wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, a kò rí ibi tí wọ́n ti yọ ọmọ tí ń ṣàìsàn kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú ìwé lọ bá ọmọ náà lọ́fẹ̀ẹ́, òbí náà kì bá tí ní ìdí láti yan ọ̀kan sílẹ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣebí ohun tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 wá parẹ́ gan-an nìyẹn: kí baba má baà máa fi ojú wọn ọmọ méjì láti mọ èyí tí yóò lọ sí ilé-ìwé.

Òfin pàápàá kò yọ ọmọ náà sílẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004 ní gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni kí a kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tipátipá, láti ìwé kìn-ín-ní títí dé ìparí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé girama. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 wí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006. Gbogbo ọmọ ni wọ́n kọ. Wọn kò kọ ọ́ pé gbogbo ọmọ tí ara rẹ̀ bá le. Òfin tí ó wà fún àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, tún fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ohun tí a kò rí nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí ni ẹni tí yóò dìde ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí yóò gbé báàgì, tí yóò sì wọ ọkọ̀ lọ bá ọmọ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí ojú Nàìjíríà kò rí rí. Ní Igbóbì ní Èkó, ilé ìwòsàn eegun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945 fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n rí i láìpẹ́ pé àwọn ọmọdé pọ̀ nínú àwọn tí ń pẹ́ níbẹ̀, ilé-ìwé àkànṣe sì wà tí a dá sílẹ̀ nínú ọgbà náà. Ọmọ tí wọ́n fi òkúta fa ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa ka ìwé. Àwọn tí ó ṣe èyí kì í ṣe áńgẹ́lì. Wọ́n kàn rò ó pé ọmọ tí yóò dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kò gbọdọ̀ dìde ní òpè ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 1996 gbé e lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́rùn láti wá ẹ̀kọ́ fún ọmọ tí àìsàn kò jẹ́ kí ó lọ sí ilé-ìwé. Ìlànà tí ìjọba wọn gbé jáde ní ọdún 2013 ní bí ó bá ti hàn gbangba pé ọmọ kò ní lè wá fún ọjọ́ ilé-ìwé 15, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé Evelina ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ìwé wà nínú ilé ìwòsàn. Kò jìnnà sí Peckham, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde sì bá wọn débẹ̀ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kì í dúró ní ẹnu ibodè. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1975 ni òfin wọn ti ka ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọmọ aláàbọ̀ ara ní ilé tàbí ní ilé ìwòsàn mọ́ ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè. Kì í ṣe pé òyìnbó fẹ́ràn ọmọ jù wá lọ. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà sínú òfin ni. Bí kò bá sì ṣe é, àwọn òbí mọ ẹni tí wọn yóò pè lẹ́jọ́.

Ṣé owó ni a ó sọ pé kò sí ni, àbí ọ̀nà? Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 2020. Ní oṣù kẹta ọdún náà, nígbà tí àrùn kòrónà dé, gbogbo ilé-ìwé ní Nàìjíríà tì, gbogbo ọmọ wa sì di ọmọ tí a sé mọ́lé. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kò ní kí wọ́n máa wo ògiri. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ètò tí wọ́n pè ní OgunDigiClass ti bẹ̀rẹ̀, àwọn olùkọ́ sì ń kọ́ àwọn ọmọ láti orí tẹlifíṣọ̀n. Ní Sàró, wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2014, nígbà tí Ẹ̀bólà sé ilé-ìwé wọn. Rédíò ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ. Àwa gan-an kọ́ ni ó yẹ kí èyí ṣe ní kàyéfì. Nígbà tí ìjọba Ọlọ́pẹ dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n fi náwó lé e lórí ni kí olùkọ́ kan lè kọ́ àwọn ọmọ tí kò lè rí i ní ojúkojú.

Ìdáhùn wà lọ́wọ́ wa nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ tí ara wọn le padà sí kíláàsì, ariwo ẹ̀kọ́ inú ilé rọlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dìde láti wí pé àwọn ọmọ kan wà tí ìsémọ́lé tiwọn kò parí, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ kí kòrónà tó dé, tí yóò sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Fún oṣù díẹ̀, ìyà tí ó ń jẹ ọmọ aláìsàn jẹ gbogbo ọmọ, a sì wá oògùn rẹ̀ kíákíá. Ó ku ìyà náà ku ọmọ aláìsàn nìkan, a di ìgò oògùn náà pa.

A kò kọ èyí láti di ẹrù tuntun lé olùkọ́ lórí. Olùkọ́ tí ó ní ọmọ ọgọ́ta nínú kíláàsì kan, tí ó ń fi owó ara rẹ̀ ra ẹfun, a kò lè ní kí ó tún máa wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ní ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ìjọba ni, kí ìjọba ṣe é. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, tí Ìmúṣin wà lábẹ́ rẹ̀, lè yan olùkọ́ kan ṣoṣo, kí ó fún un ní owó ọkọ̀, kí ó sì jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa lọ láti ilé dé ilé bá àwọn ọmọ tí àìsàn sé mọ́lé ní Ìmúṣin, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, Ìtẹ́lẹ̀ àti àwọn ìletò tí ó yí wọn ká. Ìjọba ìpínlẹ̀ lè fi olùkọ́ méjì méjì sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, kí wọ́n fún wọn ní tábìlì kan àti àpótí ìwé. Nínú ìlànà pípín owó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, a ti ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tí ó nílò àbójútó àkànṣe. Ẹni tí ó bá ní kò sí owó, kí ó kọ́kọ́ fi ìwé ìṣirò rẹ̀ hàn wá. Ní Ìjagun, ní ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, yunifásítì tí a fi orúkọ Tai Ṣólàrín pè ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti ọdún 2005. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé káàkiri láti fi iṣẹ́ dánra wò. A kò rí ohun tí kò lè jẹ́ kí díẹ̀ nínú wọn lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Baba Ṣólàrín fúnra rẹ̀, ẹni tí ó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, kì í ṣe ẹni tí ń wo ojú òfuurufú kí ó tó ṣe ohun tí ó yẹ.

Èyí tí ó kan ọ̀gá ilé-ìwé kò tó nǹkan. Bí ọmọ bá pa ọjọ́ márùn-ún jẹ nítorí àìsàn, kí a fi ojú ewé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀. Fóònù tó ṣe é, kò gba ọkọ̀. Kí a fi àmì kẹta sínú ìwé ìpè-orúkọ fún ẹni tí ń ṣàìsàn. Kí a má sì ṣe dá ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró ní kíláàsì kan náà láìjẹ́ pé a ti fún un ní ìdánwò lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá tán.

Ẹ̀yin olówó Ìjẹ̀bú ńkọ́? Ọdọọdún, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ojú ayé ń wo Ojúde Ọba. Ẹ̀yin rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń jáde nínú aṣọ òkè àti dámáàsìkì, àwọn balógun ń gẹṣin, ó sì ń wu ojú, a kò ní purọ́. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tí ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1960 tí ó sì wàjà ní ọdún 2025, jí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọ̀nyí dìde kí wọ́n lè tún ìlú ṣe, kì í ṣe kí wọ́n lè dá aṣọ nìkan. Ẹgbẹ́ kan tí ó bá gbé ìnáwó aṣọ ọdún kan kalẹ̀ lè gbé olùkọ́ wọ́ọ̀dù ró títí ìjọba yóò fi jí. Ṣùgbọ́n kí ìjọba má fi ti ẹgbẹ́ kẹ́wọ́. Ẹ̀tọ́ kì í ṣe sàráà.

Ọ̀rọ̀ wa tí ó kù, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ni a ń bá sọ. Ìjọba ológun fi òfin de ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní ọdún 1966, ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn láti ìgbà náà tí kò dé fìlà Awólọ́wọ̀ lọ sí ibi ìpolongo. Ọnàbánjọ dé e ní ọdún 1979, ó sì sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ títí dé girama. Fìlà náà bá a mu. Àwọn mìíràn dé e, a kò rí orí lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tún dé Ìmúṣin pẹ̀lú ìlù àti ọkọ̀ agbọ̀rọ̀sọ, kí olùkọ́ kan dìde láàárín èrò, kí ó bi olùdíje náà pé: ọmọ tí ó wà ní ibùsùn ní Ìjẹ̀bú-Òde, ta ni ìwọ yóò rán sí i? Ẹ má gbà kí ó fi àwọn ilé-ìwé tí yóò kọ́ dáhùn. Orúkọ iṣẹ́ àti iye owó ni kí ẹ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Kí àkókò náà tó dé, a ń bẹ gbogbo ọ̀gá ilé-ìwé ní Ìjẹ̀bú-Ìmúṣin àti agbègbè rẹ̀ pé kí wọ́n jókòó ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn, kí wọ́n ṣí ìwé ìpè-orúkọ sáà yìí, kí wọ́n sì ka iye ọmọ tí àìsàn mú kí ó pa ju ọjọ́ mẹ́wàá jẹ. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n kọ mẹ́ta. Bí wọ́n bá jẹ́ ogún, kí wọ́n kọ ogún. Kí wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní Ògbèrè, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. A ó tẹ iye náà jáde ní ojú ewé yìí, ilé-ìwé sí ilé-ìwé, láìdárúkọ ọmọ kankan.